Kí Ló Dé tí Oòrùn Fi Ń Pẹ́ Wọ̀ ní Ilẹ̀ Òtútù?

  Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ iṣu tàbí ọ̀rọ̀ òwú. Ọ̀rọ̀ oòrùn ni. Inú kíláàsì mọ̀-ọ́n-kọ-mọ̀-ọ́n-kà ni ó ti bẹ̀rẹ̀, láti ẹnu ìyá kan.

Ìbéèrè ìyá kan

Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní oṣù kẹfà, ìyá kan wọ kíláàsì wa pẹ̀lú ìrònú. Gàrí ni ìyá yìí ń tà. Kì í pẹ́ dé, kì í sì í ṣe ẹni tí ń dákẹ́ bí a bá ń kàwé. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó jókòó, kò ṣí ìwé rẹ̀.

Mo ní, "Ìyá, ṣé kò sí o?"

Ó ní, "Olùkọ́, ọmọ mi ni."

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wà ní ìlú Edmonton, ní ilẹ̀ Kánádà. Ó fi ohùn ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Ó ní, "Ìyá mi, agogo 10 alẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù níhìn-ín, oòrùn sì wà lójú ọ̀run síbẹ̀. Oorun kò kùn mí." Ìyá náà wá rántí pé ní oṣù kejìlá tó kọjá, ọmọ yìí kan náà sọ pé ilẹ̀ kì í tíì mọ́ nígbà tí òun bá ń lọ síbi iṣẹ́, ilẹ̀ á sì ti ṣú kí òun tó padà sílé.

Ìyá náà sọ ọ́ fún àwọn aládùúgbò. Ẹnì kan ní irọ́ ni ọmọ náà ń pa. Ẹlòmíràn ní ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ ayé nínú, pé orí ọmọ ti ń dàrú. Ìyá kò lè jẹun. Ó ti ka owó gàrí rẹ̀ sọ́tọ̀, láti lọ bá ẹni tí yóò bá òun wádìí ohun tí ó ń ṣe ọmọ òun.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí owó náà sinmi di ọ̀sẹ̀ kejì. Mo ní, "Ìyá, ọmọ yín kò purọ́. Orí rẹ̀ pé. Bí oòrùn ti ń ṣe níbẹ̀ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí gbogbo wa wádìí rẹ̀ níhìn-ín."

Ohun tí a wádìí nínú kíláàsì ni a kọ sínú ìwé yìí.

Oòrùn tiwa ní Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Gbogbo àgbẹ̀ mọ̀ pé ọ̀sán àti òru wa fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ṣùgbọ́n wọn kò dọ́gba délẹ̀délẹ̀.

Ní oṣù kẹfà, oòrùn máa ń yọ ní Ṣábẹ̀ẹ́ ní nǹkan bí agogo 6 ààbọ̀ àárọ̀. Ó máa ń wọ̀ nígbà tí agogo 7 alẹ́ bá ti kọjá díẹ̀. Ní oṣù kejìlá, nígbà ọyẹ́, ó máa ń yọ ní nǹkan bí agogo 7 àárọ̀. Ó máa ń wọ̀ nígbà tí agogo 6 ààbọ̀ bá ti kọjá díẹ̀. Bí a bá ṣe ìṣirò rẹ̀, ọ̀sán tí ó gùn jù lọ́dọ̀ wa fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 55 gùn ju èyí tí ó kúrú jù lọ. Kò pé wákàtí kan. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fi fiyè sí i.

Ohun mìíràn tún wà. Dúró sí ibì kan náà ní ìdájí, kí o kọjú sí ìlà-oòrùn, ìyẹn ni ìhà Nàìjíríà. Ní oṣù kẹfà, oòrùn yóò yọ ní apá òsì rẹ díẹ̀. Ní oṣù kejìlá, yóò yọ ní apá ọ̀tún rẹ díẹ̀. Àwọn baba wa tí ń fi òkè Ṣábẹ̀ẹ́ ṣe àmì mọ̀ pé oòrùn kì í yọ láti ibì kan náà láti ọdún dé ọdún. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, bí ẹni tí ń rìn láti ìdí igi kan dé ìdí igi kejì.

Ẹ̀kẹta ni òjìji. Ri igi tí ó tọ́ mọ́lẹ̀ ní gbangba. Wo òjìji rẹ̀ nígbà tí oòrùn bá ga jù lọ. Lọ́dọ̀ wa, ìyẹn máa ń jẹ́ nígbà tí agogo 1 ọ̀sán bá ku díẹ̀ kí ó lù. Ní ìgbà ọyẹ́, òjìji náà máa ń nà sí ìhà àríwá, ìhà Pàràkú. Ní oṣù kẹfà àti oṣù keje, ìhà gúúsù ni ó máa ń nà sí, ìhà Kútọnu. Ní nǹkan bí ọjọ́ 11 oṣù kẹrin, àti ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, òjìji náà máa ń wọ abẹ́ igi, o kò ní í rí i. Oòrùn ti dé àtàrí wa gan-an nìyẹn.

Ẹ má kàn gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ nítorí pé ìwé ni ó sọ ọ́. Ẹ lọ ri igi mọ́lẹ̀, kí ẹ wò ó.

Ọsàn àti fìtílà

Kí ló fa gbogbo èyí? Àwọn onímọ̀ sọ pé ayé rí roboto bí ọsàn. Ó ń yí bí òkòtò, ó sì ń yí po ẹ̀ẹ̀kan ní wákàtí 24. Ẹ̀gbẹ́ tí ó bá kọjú sí oòrùn ni ọ̀sán wà. Ẹ̀gbẹ́ tí ó kọ ẹ̀yìn sí i ni òru wà. Bí ó ti ń yí bẹ́ẹ̀, ó tún ń rin ìrìn-àjò yípo oòrùn. Ìrìn-àjò náà ń gbà á ní ọdún kan, ìyẹn nǹkan bí ọjọ́ 365.

Ṣùgbọ́n ayé kò dúró ṣánṣán níbi tí ó ti ń yí. Ó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Títẹ̀ yìí ni ìdí ọ̀rọ̀ náà.

Ní alẹ́ tí a ṣe ìwádìí yìí, a mú ọsàn kan, a sì fi ọ̀wọ̀ ìgbálẹ̀ gún un láti òkè dé ìsàlẹ̀. A gbé fìtílà sí àárín tábìlì, a sì pa iná yòókù. Fìtílà ni oòrùn. Ọsàn ni ayé. A fi yíǹkì tọ́ àmì méjì sára ọsàn náà. Àmì kìíní wà lókè àárín rẹ̀ díẹ̀: Ṣábẹ̀ẹ́ nìyẹn. Àmì kejì wà ní ìtòsí orí ọ̀wọ̀ lókè: ilẹ̀ àríwá jíjìn nìyẹn.

Mo tẹ ọ̀wọ̀ náà díẹ̀, kí orí rẹ̀ lè kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Mo wá gbé ọsàn náà rìn yípo tábìlì. Ibikíbi tí mo bá dé, orí ọ̀wọ̀ náà ń kọjú sí ìhà ẹnu ọ̀nà síbẹ̀. N kò jẹ́ kí ó yí padà.

Nígbà tí mo dé ibi tí fìtílà wà láàárín èmi àti ẹnu ọ̀nà, orí ọsàn náà tẹ̀ sọ́dọ̀ fìtílà. Mo ní kí ìyá elégàrí wá yí ọsàn náà bí òkòtò. Àmì Ṣábẹ̀ẹ́ wọ inú ìmọ́lẹ̀, ó jáde, ó wọ inú òkùnkùn. Ṣùgbọ́n àmì tí ó wà lókè kò kúrò nínú ìmọ́lẹ̀ rárá. Yíyí tí ọsàn náà ń yí, inú ìmọ́lẹ̀ ni ó wà. Bí oṣù kẹfà ti rí nìyẹn.

Mo wá lọ sí òdì kejì tábìlì, níbi tí ọsàn wà láàárín fìtílà àti ẹnu ọ̀nà. Níbẹ̀, orí ọsàn náà tẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ fìtílà. Ìyá tún yí i. Àmì Ṣábẹ̀ẹ́ ń wọ inú ìmọ́lẹ̀, ó sì ń jáde bí ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n àmì òkè kò rí ìmọ́lẹ̀ rárá. Bí oṣù kejìlá ti rí nìyẹn.

Kíláàsì dákẹ́. Ìyá yí ọsàn náà lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Ó wá ní, "Àṣé oòrùn kan náà ni."

Bẹ́ẹ̀ ni. Oòrùn kan náà ni. Títẹ̀ ayé tí ó ń jẹ́ kí òjìji igi wa nà sí Pàràkú nígbà ọyẹ́, kí ó sì nà sí Kútọnu nígbà òjò, òun náà ni ó ń jẹ́ kí oòrùn pẹ́ wọ̀ ní Edmonton. Lọ́dọ̀ wa, nítorí pé a sún mọ́ àárín ayé, ìyàtọ̀ náà kéré. Bí a bá ti ń lọ sí àríwá, bẹ́ẹ̀ ni ó ń pọ̀ sí i. Ní Edmonton, ọ̀sán oṣù kẹfà máa ń gùn tó wákàtí 17. Oòrùn kì í wọ̀ níbẹ̀ àfi bí agogo 10 alẹ́ bá lù. Ní oṣù kejìlá, ọ̀sán ibẹ̀ kì í ju nǹkan bí wákàtí 7 ààbọ̀ lọ. Bí a bá kọjá Edmonton, tí a ń lọ sí àríwá síwájú sí i, a ó dé ibi tí oòrùn kì í wọ̀ rárá ní ọjọ́ mìíràn, tí kì í sì í yọ rárá ní ọjọ́ mìíràn.

Ọmọ Tógò tí ó lọ fi ojú ara rẹ̀ rí i

Ẹnì kan nínú kíláàsì béèrè pé, "Ta ló ti dé ibẹ̀ rí nínú àwa aláwọ̀ dúdú?" Ìbéèrè tó dára ni. Ìdáhùn rẹ̀ kò jìnnà. Ọmọ Tógò, aládùúgbò wa ni.

Orúkọ rẹ̀ ni Tété-Michel Kpomassie. Ọdún 1941 ni a bí i. Nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 16, ó gun igi àgbọn. Ó pàdé ejò lórí igi, ó sì já bọ́. Bàbá rẹ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn olùsìn erè ní ìtòsí Lòmé láti gba ìtọ́jú. Ara rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ padà wá láti di ọ̀kan nínú àwọn tí ń sin erè. Ẹ̀rù bà á.

Ní àkókò náà ni ó rí ìwé kan ní ilé ìtàwé kan ní Lòmé. Ìwé náà ń sọ nípa àwọn ènìyàn tí ń gbé Gíríńláǹdì, erékùṣù ńlá kan ní àríwá ayé. Ó kà á. Ó rí i pé ilẹ̀ yìnyín ni, pé igi ńlá kò sí níbẹ̀, pé ejò kò sí níbẹ̀. Ó ní ibẹ̀ ni òun yóò lọ.

Kò ní owó. Ìwé mẹ́fà péré ni ó kà ní ilé-ẹ̀kọ́. Ó sá kúrò nílé, ó ń ṣiṣẹ́, ó ń rìn. Ó gba Gáńà, ó gba Àbíjà, ó gba Sẹ̀nẹ̀gà. Ó dé ilẹ̀ Faransé, ó dé Jámánì, ó dé Dẹ́nmáàkì. Ìrìn-àjò náà gbà á ní nǹkan bí ọdún 8. Ní ọdún 1965, ọkọ̀ ojú omi gbé e dé gúúsù Gíríńláǹdì, ní ìlú tí wọ́n ń pè ní Julianehåb nígbà náà, tí a ń pè ní Qaqortoq lónìí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará ibẹ̀ kò rí aláwọ̀ dúdú rí. Síbẹ̀ wọ́n gbà á sílé, wọ́n fún un ní oúnjẹ.

Oṣù kẹfà ni ó dé. Ní gúúsù yẹn, oòrùn máa ń wọ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í ṣú tán. Ó wá ń lọ sí àríwá díẹ̀díẹ̀, láti ìlú dé ìlú, títí ó fi dé Upernavik. Ní Upernavik, láti ọ̀sẹ̀ kejì oṣù karùn-ún títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ, oòrùn kì í wọ̀. Ní agogo 12 òru, yóò wà ní ìsàlẹ̀ ojú ọ̀run níhà àríwá, bí ìgbà tí ó fẹ́ wọ̀, ṣùgbọ́n kò ní í wọ̀. Yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Láti àárín oṣù kọkànlá títí di ìparí oṣù kìíní, kì í yọ.

Kpomassie gbé ní Gíríńláǹdì ju ọdún kan lọ. Ó kọ́ èdè wọn, ó jẹ oúnjẹ wọn, ó bá wọn pẹja. Lẹ́yìn náà ó padà sí Tógò. Ó kọ ìwé nípa ohun tí ó rí. Ní ọdún 1981 ni wọ́n tẹ ìwé náà jáde ní èdè Faransé, a sì ti túmọ̀ rẹ̀ sí èdè púpọ̀.

Ohun kan wà nínú ìwé rẹ̀ tí ó yẹ kí àwa tí a ń kọ́ ìwé kíkà mọ̀. Ní Upernavik, ó gbé lọ́dọ̀ bàbá àgbà kan tí kò ní owó. Ilé tí a fi ilẹ̀ àti koríko kọ́ ni bàbá náà ń gbé. Ṣùgbọ́n ó máa ń kó ìwé ìròyìn jọ. Ó fi ojú ewé wọn lẹ ara ògiri yíká. Bí ó bá fẹ́ rántí ọ̀rọ̀ kan, á dìde, á lọ kà á lára ògiri. Ògiri ilé rẹ̀ ni ilé ìkàwé rẹ̀.

Kí ló dé tí òtútù fi ń mú níbẹ̀?

Ẹnì kan lè sọ pé, "Bí oòrùn kò bá wọ̀ fún oṣù méjì, ó yẹ kí ooru ibẹ̀ ju tiwa lọ." Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Upernavik, ní oṣù keje pàápàá, ooru ibẹ̀ kò tó ti òwúrọ̀ ọyẹ́ wa rárá. Kí ló fà á?

Èkíní: oòrùn ibẹ̀ kì í ga. Ẹ wo oòrùn wa ní agogo 7 àárọ̀. A lè dúró nínú rẹ̀, kì í ta wá lára. Ní agogo 1 ọ̀sán, a ń wá ibòji. Oòrùn kan náà ni, ṣùgbọ́n ó ti bọ́ sí àtàrí wa. Ní Upernavik, ní oṣù kẹfà, níbi tí oòrùn bá ga dé jù lọ, kò ju bí ó ti ń wà lọ́dọ̀ wa ní nǹkan bí agogo 9 sí 10 àárọ̀. Mú tọ́ọ̀ṣì, kí o tàn án sí ògiri tààrà. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á kóra jọ sí ojú kan, á mọ́lẹ̀ gan-an. Tàn án ní ẹ̀gbẹ́, ìmọ́lẹ̀ á tàn kálẹ̀, á sì ṣá. Bí oòrùn ibẹ̀ ti rí nìyẹn.

Èkejì: yìnyín funfun. Ẹ mọ bí páànù tuntun ti ń kọ mànà nínú oòrùn. Ó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà. Ilẹ̀ dúdú ni ó máa ń gba ooru sára. Ilẹ̀ tí yìnyín bò ń dá oòrùn padà sókè, kì í jẹ́ kí ooru wọlé.

Ẹ̀kẹta: òru gígùn. Ìkòkò tí a sọ̀ kalẹ̀ lórí iná yóò máa tutù díẹ̀díẹ̀. Ilẹ̀ àríwá wà lórí ilẹ̀ fún oṣù méjì sí mẹ́ta láìsí iná lábẹ́ rẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí tí òtútù fi ń burú jù ní oṣù kejì àti ìkẹta, nígbà tí oòrùn ti ń padà bọ̀.

Báwo ni òtútù náà ti pọ̀ tó? Àwọn onímọ̀ ní ìwọ̀n kan tí wọ́n fi ń wọn ooru. Bí ó bá dé òdo, omi á dì, bí omi inú fírísà. Òwúrọ̀ ọyẹ́ tí a ń gbọ̀n nídìí iná níbí, nǹkan bí 18 tàbí 20 lókè òdo ni. Ní Upernavik, ní oṣù kejì, ó sábà máa ń tó 20 nísàlẹ̀ òdo. Òkun fúnra rẹ̀ máa ń dì. Àwọn ọdẹ á so ajá mọ́ ọkọ̀ pákó tí kò ní ẹsẹ̀, ajá á sì máa wọ́ ọ lórí omi òkun.

Bí àwọn ènìyàn ti ń gbé níbẹ̀

Gíríńláǹdì tóbi ju Bẹ̀nẹ̀ lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 19. Ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn tí ń gbé ibẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 56,000 péré. Yìnyín ni ó bo apá mẹ́rin nínú márùn-ún ilẹ̀ náà. Etí òkun ni àwọn ènìyàn ń gbé. Wọ́n ń pe ilẹ̀ wọn ní Kalaallit Nunaat, ìyẹn ni ilẹ̀ àwọn Kalaallit.

Iṣu kò lè hù níbẹ̀, àgbàdo kò lè hù. Ní gúúsù nìkan ni wọ́n ti ń sin àgùntàn, tí wọ́n sì ń gbin ànàmọ́ òyìnbó díẹ̀. Ẹja àti ẹran inú òkun ni oúnjẹ wọn láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Wọ́n ń jẹ ọ̀rá ẹran náà gan-an, nítorí pé ọ̀rá ń mú ara gbóná. Lónìí, ọkọ̀ ń gbé ìrẹsì àti búrẹ́dì wá fún wọn láti òkèèrè.

Ní ìgbà òru gígùn, kì í ṣe òkùnkùn biribiri ni ó máa ń wà ní gbogbo ìgbà. Ní ọ̀sán, ojú ọ̀run máa ń pọ́n díẹ̀ bí ìdájí, lẹ́yìn náà á tún ṣú. Òṣùpá àrànmọ́jú tiwọn ju tiwa lọ. Ó lè lo ọjọ́ púpọ̀ lójú ọ̀run kí ó tó wọ̀, yìnyín funfun á sì gba ìmọ́lẹ̀ rẹ̀.

Ní ìlú Ilulissat, ọjọ́ 13 oṣù kìíní ni oòrùn máa ń padà yọ. Bí a ti ń jáde wá òṣùpá ààwẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni tọmọdé tàgbà máa ń jáde lọ sórí òkè láti wá oòrùn. Bí ó bá yọ orí, wọ́n á kọrin. Kì í pẹ́ kí ó tó tún wọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti rí i.

Àwọn Mùsùlùmí inú kíláàsì béèrè pé, "Báwo ni ẹni tí ń gba ààwẹ̀ yóò ṣe ṣínu níbi tí oòrùn kì í wọ̀?" Àwọn Mùsùlùmí ń gbé ilẹ̀ àríwá jíjìn lónìí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń tẹ̀lé wákàtí Mẹ́kà, tàbí wákàtí ìlú tí ó sún mọ́ wọn jù, níbi tí oòrùn ti ń yọ tí ó sì ń wọ̀.

Yìnyín ibẹ̀ ń yọ́ lónìí, nítorí pé ayé ń gbóná sí i. Àwọn ọdẹ ń rí i pé òkun kì í tètè dì bí ti àtijọ́. Omi yìnyín tí ó yọ́ ń ṣàn sínú òkun, òkun sì ń ga sí i. Òkun kan náà ni ó dé Kútọnu. Ohun púpọ̀ ni ó ń jẹ́ kí òkun jẹ ilẹ̀ létí omi wa, ṣùgbọ́n èyí wà lára wọn.

Ohun tí ó kàn wá nínú ọ̀rọ̀ náà

Àwọn ọmọ wa ń lọ sí ilẹ̀ òtútù. Ó yẹ kí àwa tí a wà nílé mọ ohun tí ojú wọn ń rí.

Àwọn dókítà mọ̀ pé ní oṣù òkùnkùn, ìbànújẹ́ máa ń mú àwọn kan láìsí ẹni tí ó ṣẹ̀ wọ́n. Ó máa ń rẹ̀ wọ́n, wọ́n máa ń sùn ju bí ó ti yẹ lọ, wọn kì í fẹ́ rí ènìyàn. Ní oṣù ìmọ́lẹ̀, oorun kì í tètè kun ẹlòmíràn. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe wèrè. Àwọn dókítà máa ń gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n jáde síta nígbà tí ọ̀sán kúkúrú náà bá wà, kí wọ́n máa rìn, kí wọ́n má dá nìkan wà. Bí ọ̀rọ̀ náà bá le, kí wọ́n lọ rí dókítà. Ní ti oṣù ìmọ́lẹ̀, kí wọ́n fi aṣọ dúdú bo fèrèsé bí wọ́n bá fẹ́ sùn.

Ohun mìíràn tún wà. Oòrùn tí ó ń kan ara wa ń jẹ́ kí ara ṣe ohun kan tí egungun nílò. Fítámì D ni wọ́n ń pè é. Awọ dúdú dára fún oòrùn wa tí ó le, ṣùgbọ́n níbi tí oòrùn kò ti lágbára, kì í rí fítámì náà tó. Ẹja ọlọ́ràá ní i nínú. Kí ọmọ wa tí ó wà níbẹ̀ bi dókítà rẹ̀ bóyá ó yẹ kí òun lo oògùn rẹ̀.

Àwa náà ní iṣẹ́ tiwa. Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì, ẹ máa pè wọ́n. Ẹ má dúró kí wọ́n kọ́kọ́ pè. Ẹ má sì pe ọmọ yín ní òpùrọ́ nítorí pé ohun tí ó sọ kò rí bí ti ilé. Ẹ béèrè. Ẹ wádìí.

Ní ti ìyá elégàrí wa, kò lọ ibi tí ó fẹ́ lọ mọ́. Ó fi díẹ̀ nínú owó náà ra kírédì fóònù. Kò sì fi ohùn ránṣẹ́. Ó ní kí n jókòó ti òun, òun yóò kọ ọ́ fúnra òun. Ó pẹ́ lórí rẹ̀. Ohun tí ó kọ nìyí: "Ọmọ mi, mo ti mọ ìdí rẹ̀. Ayé tẹ̀ ni. Fi aṣọ dúdú bo fèrèsé. Sùn."

 

Ìbéèrè fún ìjíròrò nínú kíláàsì

1. Ri igi mọ́lẹ̀ ní àgbàlá rẹ. Ní ọ̀sán òní, ṣé ìhà Pàràkú ni òjìji rẹ̀ nà sí, tàbí ìhà Kútọnu? Kọ ọjọ́ náà sílẹ̀. Tún wò ó lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

2. Kí ló dé tí ọ̀sán àti òru fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ní Ṣábẹ̀ẹ́, tí kò sì rí bẹ́ẹ̀ ní Upernavik?

3. Fi ọsàn àti fìtílà ṣe àlàyé rẹ̀ fún ẹnì kan nílé tí kò wá sí kíláàsì.

4. Ṣé o ní ẹni tí ń gbé ilẹ̀ òtútù? Kọ ìwé kúkúrú sí i. Béèrè agogo tí oòrùn yọ àti agogo tí ó wọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ lónìí. Fi wé tiwa.